Ìyá ìkókó fẹ́ fọ duct ilé ẹ̀: ohun tá a bá lórí àjà ní Houston

Oṣù kẹjọ 2024 lọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, ní apá Richmond lẹ́gbẹ̀ẹ́ Houston níbí. Mo ti gbàyè lọ́wọ́ àwọn tó nilé kí n tó kọ ọ́, wọ́n kàn ní kí n má dárúkọ àwọn ni. Iṣẹ́ AC ni mò ń ṣe, Ìbàdàn ni mo ti kọ́ ọ kí n tó wá gba ìwé àṣẹ ẹ̀ ní Texas, kò sì sí oṣù kan tí ọmọ Yorùbá kan ò ní pè mí pé "Bọ̀ọ̀dá, ìgbà wo ló yẹ ká fọ duct ilé wa?" Ìbéèrè yẹn ò ṣe é dáhùn lórí fóònù, ẹni tó bá dáhùn ẹ̀ lórí fóònù ń tajà ni. Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ sọ ti ilé kan ṣoṣo látòkè délẹ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nílé, ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ ṣàlàyé díẹ̀. AC tiyín, ara ògiri ló wà, yàrá kọ̀ọ̀kan ló ní tiẹ̀. Níbí, ẹ̀rọ kan ló ń mú gbogbo ilé tutù, ní Texas orí àjà ló sábà máa ń wà, páìpù gbọ̀ǹgbọ̀ bí ìfun màlúù ló ń gbé atẹ́gùn láti ara ẹ̀ lọ sí yàrá kọ̀ọ̀kan, àwọn páìpù yẹn là ń pè ní duct. Ihò ńlá kan tún wà, ní kọ́rídọ̀ lọ́pọ̀ ìgbà, tó ń fa atẹ́gùn ilé padà sọ́dọ̀ ẹ̀rọ, ibẹ̀ ni fílítà ń gbé. Àwa tá a ti ilé wá, sáfíìsì la mọ̀. Tí ọyẹ́ bá ti fẹ́ kọjá, bọ̀ọ̀dá AC á gbé bọ́rọ́ṣì àti omi dé, á tú ojú AC sílẹ̀, omi dúdú á máa ṣàn jáde, ó di kí yàrá tutù bíi ti tẹ́lẹ̀. Torí náà, tí ẹnì kan bá sọ fún wa l'Amẹ́ríkà pé ihò kan wà lórí wa tí ẹnikẹ́ni ò fọ̀ rí láti ogún ọdún, ara wa ò ní balẹ̀ mọ́. Mo mọ̀ ọ́n lára, torí èmi náà rò bẹ́ẹ̀ nígbà tí mo kọ́kọ́ dé.

Àárọ̀ ọjọ́ Sátidé ni ìyá ìkókó pè mí. Ọmọ tuntun ò tíì ju ọ̀sẹ̀ méje lọ, màmá ẹ̀ ti wá láti Ògbómọ̀ṣọ́ wá bá a wẹ ọmọ, àkọ́bí ẹ̀ ọkùnrin jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rin. Ó ní, "Bọ̀ọ̀dá, ẹ má bínú pé mo pè yín láàárọ̀ kùtù báyìí, àwọn kan wá sílé wa lánàá, wọ́n ní mold ti kún inú duct wa, wọ́n ní tá ò bá tètè fọ̀ ọ́ á ba ẹ̀dọ̀fóró ọmọ jẹ́, 2,300 dọ́là ni wọ́n bèèrè, bàbá ẹ̀ ti fẹ́ fún wọn ní nọ́ńbà káàdì, èmi ni mo ní kó dúró." Mold tí wọ́n ń sọ, nǹkan dúdú tó máa ń hù níbi tó bá rin ni. Ohùn ẹ̀ ń gbọ̀n. Ẹ mọ abiyamọ tí ò tíì sùn dáadáa láti ọ̀sẹ̀ méje, tí ẹnì kan wá sọ fún un pé atẹ́gùn tí ọmọ ẹ̀ ń mí ló ń pa á.

Màmá ló kọ́kọ́ kíyè sí i. Màmá kì í jókòó lásán, tí wọ́n bá ti wẹ ọmọ tán tí ọmọ sùn, àkísà ni. Lọ́jọ́ kan wọ́n gun àga, wọ́n fi àkísà funfun tí wọ́n ti rẹ sómi nu irin ojú ihò atẹ́gùn ní yàrá ọmọ, àkísà bá dúdú bí ìdí ìkòkò. Wọ́n nù ún mọ́ tónítóní. Ní ọjọ́ kẹta ó ti tún dúdú. Wọ́n ní, "Ilé yín yìí, eruku ló ń mí jáde." Àkọ́bí pẹ̀lú, tó bá ti jí, á sín bíi ìgbà mẹ́jọ mẹ́sàn-án kó tó fọ eyín, imú ẹ̀ kì í gbẹ. Orí èyí ni wọ́n wà tí ẹnì kan fi pè lórí fóònù pé 99 dọ́là péré làwọn á fi fọ duct gbogbo ilé. Ìyá ìkókó ní kí wọ́n máa bọ̀.

Ọkùnrin méjì ló wá. Wọn ò lò ju ogún ìṣẹ́jú lọ, ọ̀kan tú ojú ihò kan, èkejì na fóònù sí wọn pé "ẹ wo inú ilé yín". Wọ́n fi fọ́tò yẹn ránṣẹ́ sí ọkọ ẹ̀, òun náà fi ránṣẹ́ sí mi. Mo wò ó, mo tún un wò. Duct inú fọ́tò, irin ni, onígun mẹ́rin, ó ń dán lápá kan, nǹkan dúdú sì hù bo ìyókù. Mo ní kí ìyá ìkókó yọ irin ihò pálọ̀ kan, kó tan iná fóònù sí i, kó ya ohun tó bá rí fún mi. Èyí tó yà jẹ́ róbótó, ike eérú tí wáyà yí ká nínú bí ọ̀fun èèyàn. Flex duct nìyẹn, irú ẹ̀ ló pọ̀ jù nínú àwọn ilé tí wọ́n kọ́ ládùúgbò yẹn, wọ́n kọ́ tiwọn ní 2003. Fọ́tò tí wọ́n fi dẹ́rù bà wọ́n kì í ṣe ti ilé wọn. Mo ní kí wọ́n má san kọ́bọ̀.

Ẹ jẹ́ n dúró lórí 99 dọ́là yìí díẹ̀, torí àwọn èèyàn wa ń kó sí i. EPA, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àyíká, ti gbé ìwé pẹlẹbẹ jáde lórí ọ̀rọ̀ duct láti 1997, wọ́n ní iṣẹ́ náà sábà máa ń jẹ́ láti 450 sí 1,000 dọ́là fún ẹ̀rọ kan, bó bá ṣe tóbi sí, bó sì ṣe dọ̀tí sí. Iṣẹ́ gidi ni, wọ́n á gbé fákúùmù ńlá kan ilẹ̀kùn ẹ̀rọ, á máa fa atẹ́gùn gbogbo páìpù sọ́dọ̀ ara ẹ̀, bọ́rọ́ṣì tàbí afẹ́fẹ́ lílé á máa jí eruku látìsàlẹ̀, ó máa ń gba wákàtí púpọ̀. Kò sẹ́ni tó lè fi 99 dọ́là ṣe ìyẹn kó jèrè, owó ìwọlé lásán ni 99 dọ́là, wọ́n á wọlé tán kí wọ́n tó dá owó gidi. Wọ́n tún ní EPA fọwọ́ sí àwọn, EPA fúnra ẹ̀ sì sọ pé òun kì í fọwọ́ sí ilé iṣẹ́ afọduct kankan. Mold pẹ̀lú, òfin wà fún un ní Texas. Tó bá ti tó 25 square feet tó so pọ̀ mọ́ra, ẹni tó ní ìwé àṣẹ látọ̀dọ̀ TDLR, àjọ ìjọba Texas tó ń fún àwọn oníṣẹ́ níwèé àṣẹ, ló gbọ́dọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò, ẹni tó yẹ̀ ẹ́ wò ò sì gbọdọ̀ jẹ́ ẹni tó máa kó o kúrò nínú iṣẹ́ kan náà. Nítorí náà, ẹni tó bá na fóònù sí yín pé òun rí mold, tó sì gbowó kíkó ẹ̀ lẹ́sẹ̀ kan náà, ẹ bi í ní ìwé ẹ̀.

Ohun tó tún wà nínú ìwé EPA yẹn, tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀, ni pé kò tíì sí ẹ̀rí pé duct fífọ̀ ń dènà àìsàn, wọn ò sì ní kéèyàn máa fọ̀ ọ́ lóòrèkóòrè bí ẹni ń ṣe sáfíìsì mọ́tò. Wọ́n ní kéèyàn ronú sí i tí mold tó fojú hàn bá ti hù púpọ̀ nínú páìpù tàbí lára ẹ̀rọ, tàbí tí eku tàbí kòkòrò bá ti sọ ọ́ di ilé, tàbí tí eruku àti pàǹtí bá ti dí i débi pé ó ń tú jáde láti ojú ihò wọ inú yàrá. NADCA, ẹgbẹ́ àwọn tó ń ṣiṣẹ́ duct fífọ̀, máa ń sọ pé ọdún mẹ́ta sí márùn-ún. Èmi ò bá wọn jà, àwọn kan nínú wọn mọṣẹ́ gan-an, ṣùgbọ́n ohun témi gbà nínú ẹ̀ ni pé kéèyàn ṣí i wò ní ọdún mẹ́ta sí márùn-ún. Wíwò yàtọ̀ sí fífọ̀.

Kí n tó dé ọ̀dọ̀ wọn lọ́jọ́ Mọ́ńdè, mo ní kí Màmá bá mi wá asọ funfun fẹ́lẹ́ méjì, kí wọ́n fi ọ̀kan bo ojú ihò pálọ̀, kí wọ́n fi èkejì bo ti yàrá ọmọ, kí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ àjà ká, kí wọ́n fi sílẹ̀ títí màá fi dé. Ọgbọ́n tí mo kọ́ fúnra mi nìyẹn, kì í ṣe àyẹ̀wò lábù, àmọ́ á sọ bóyá nǹkan kan ń jáde lóòótọ́.

Aago mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀ ni mo dé, torí orí àjà ilé Houston nínú oṣù kẹjọ, tó bá ti di ọ̀sán, ooru ibẹ̀ lè pa èèyàn. Mo dọ̀bálẹ̀ kí Màmá, wọ́n ní kí n kọ́kọ́ jẹun, mo ní ẹ jẹ́ kí n gòkè ná. Kí n tó gòkè mo jókòó bi wọ́n léèrè ọ̀rọ̀, torí ìbéèrè ló máa ń fi ọ̀nà hàn mí ju tọ́ọ̀ṣì lọ. Ìgbà wo ni eruku yìí bẹ̀rẹ̀? Ìyá ìkókó ní ó ti pẹ́. Màmá ní rárá o, "oṣù kẹfà ni mo dé, kò rí báyìí, lẹ́yìn tí iná lọ yẹn ni." Ìjì Beryl ni wọ́n ń sọ, ọjọ́ 8 oṣù keje, ó lé ní mílíọ̀nù 2 oníbàárà tí iná wọn lọ ní agbègbè Houston, tiwọn lọ fún ọjọ́ mẹ́fà. Afẹ́fẹ́ ṣí páànù òrùlé wọn níbì kan, wọ́n ní kí ẹnì kan wá tún un ṣe, ó gun orí àjà. Mo ní ó gun orí àjà? Wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo fi ìyẹn sápò.

Asọ pálọ̀, ó kàn ṣe eérú díẹ̀ ni. Asọ yàrá ọmọ, ẹ̀yin èèyàn mi, nǹkan pupa rúsúrúsú kan ń dán lára ẹ̀ bí irun ológbò, ó lẹ̀ mọ́ ọn wínníwínní. Òwú fáíbà ni, irú tí wọ́n fi ń wé páìpù kí ooru má wọ̀ ọ́. Kò yẹ kó jáde láti ojú ihò láé, ìta páìpù ló ń gbé.

Mo tú irin pálọ̀, mo na ọwọ́ wọnú ẹ̀ pẹ̀lú fóònù, mo ń ya fídíò. Eruku wà, pẹlẹbẹ, ó lẹ̀ mọ́ ike, ó fẹ́rẹ̀ tó kéèyàn fìka kọ orúkọ sí i. Èyí ò dẹ́rù bà mí rárá, kò sí ilé ogún ọdún tí ò ní í, eruku tó ti lẹ̀ mọ́ ara páìpù kì í dìde fò bẹ́ẹ̀ yẹn. Mo wo ihò mẹ́sàn-án tó wà nílé ọ̀kọ̀ọ̀kan, mẹ́jọ nínú wọn rí bákan náà. Nígbà tí mo dé yàrá ọmọ, mo na fóònù wọlé, mo fà á jáde, mo ń wo fídíò, Màmá dúró lẹ́yìn mi wọ́n ń yọjú wò ó lórí èjìká mi. Òwú fáíbà dì sí kọ̀rọ̀ kan, àwọn nǹkan dúdú kéékèèké sì wà láàárín ẹ̀ bí hóró ìrẹsì tó jóná. Kí n tó lanu, Màmá ní, "Ìgbẹ́ eku nìyẹn."

Mo gun orí àjà. Tọ́ọ̀ṣì mi kọ́kọ́ bá ẹsẹ̀ èèyàn, àmì bàtà gidi, nínú òwú tó wà nílẹ̀ àjà, ó rìn lọ síbi òrùlé tó ṣí, ó sì gba orí àpótí tí ẹ̀rọ fi ń fa atẹ́gùn padà kọjá. Ó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ojú ibi tí wọ́n ti so àpótí yẹn mọ́ ẹ̀rọ ti là, tó àtẹ́lẹwọ́ mi lóròó, téèpù aláṣọ tí wọ́n fi lẹ̀ ẹ́ láti 2003 ti gbẹ bí èèpo àlùbọ́sà, ó ń ká kúrò fúnra ẹ̀. Téèpù yẹn gangan ni gbogbo ayé ń pè ní duct tape, àmọ́ ní 1998 lábù Lawrence Berkeley ní California dán oríṣiríṣi téèpù àti gọ́ọ̀mù wò lára duct, duct tape yẹn ló já wọn kulẹ̀ jù. Mo fa bébà tíṣù kan yọ, mo sún un mọ́ ojú ibi tó là, ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́. Kí n tó mọ̀, ó ti já a gbà lọ́wọ́ mi, ó gbé e mì.

Ibẹ̀ ni gbogbo ẹ̀ ti yé mi. Dípò kí ẹ̀rọ máa fa atẹ́gùn tútù inú ilé gba ara fílítà, atẹ́gùn orí àjà ló ń fà, gbígbóná, ọlọ́rinrin, tó kún fún eruku òrùlé, kò sì sí fílítà kankan lójú ọ̀nà yẹn. Ó ń tú u sí gbogbo yàrá. Ilé wá ń rin, mítà ọrinrin kékeré tí mo gbé dání kà á sí 64 nínú 100 ní pálọ̀, ó yẹ kó wà lábẹ́ 60, tó bá tiẹ̀ lè wà láàárín 30 sí 50 ó dáa jù. Irin ojú ihò tútù, atẹ́gùn yàrá rin, omi fẹ́lẹ́ á lẹ̀ mọ́ irin, eruku á lẹ̀ mọ́ omi. Dúdú tí Màmá ń nù nìyẹn. Kò ti inú páìpù wá bí wọ́n ṣe rò, ojú irin ló ti ń dì. Tí wọ́n bá fọ páìpù mẹ́sẹ̀ẹ̀sán lọ́jọ́ náà, á padà dúdú lọ́jọ́ kẹta.

Mo tẹ̀ síwájú, mo bá páìpù yàrá ọmọ. Eku ti jẹ ẹ́ lábẹ́, ihò náà tó ẹnu kọ́ọ̀bù tíì, atẹ́gùn tútù ń fẹ́ mi lọ́wọ́ níbẹ̀, ìtẹ́ eku wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ gan-an. Ibi tó tutù nínú ooru ni wọ́n wá. Mo bọ́ sílẹ̀, mo wo fílítà kọ́rídọ̀, ìyẹn náà ní ọ̀rọ̀ tiẹ̀, férémù ẹ̀ jẹ́ ínǹṣì 20 ní ìbú, 25 ní gígùn, fílítà 20 × 20 ló wà níbẹ̀, wọ́n fi páálí dí ìyókù, páálí sì ti ṣubú. Ọkọ ẹ̀ ní èyí tó bá a mu ò sí ní ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ yẹn nínú oṣù karùn-ún, òun ti gbàgbé. Mo ṣí ikùn ẹ̀rọ, abẹ́ kọ́ìlì, ìyẹn irin tó ń mú atẹ́gùn tutù, ti bo bí ẹní eérú, àwo omi abẹ́ ẹ̀ ń yọ̀ kòrókòró.

Ìyá ìkókó gbọ́ gbogbo ẹ̀, ó ní, "Bọ̀ọ̀dá, ẹ kúkú fọ gbogbo ẹ̀ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan ká simi." Màmá náà ní bẹ́ẹ̀ ni. Mi ò tètè dáhùn. Ọmọ ọ̀sẹ̀ méje ń bẹ nílé, mo sì ti rí ìgbẹ́ eku, ìyẹn wà lára ohun tí EPA gan-an ní ó tó fọ̀. Tí mo bá ní kí wọ́n má fọ̀ ọ́, tí nǹkan bá ṣe ọmọ ńkọ́? Mo tún padà gun òkè, mo wo fídíò ihò mẹ́jọ yòókù lẹ́ẹ̀kejì, mo wo inú àpótí tí gbogbo páìpù ti yà. Kò sí ìgbẹ́ eku, kò sí òwú, kò sí ọrinrin. Ọ̀dọ̀ páìpù kan ṣoṣo yẹn ni eku mọ.

Flex duct tó ti lo ọdún mọ́kànlélógún, ike inú ẹ̀ ti fẹ́lẹ́, bọ́rọ́ṣì líle lè ya á, tó bá ya, òwú fáíbà á máa wọnú atẹ́gùn, ohun tí à ń sá fún gan-an. Èyí tí eku ti jẹ, tí òwú ẹ̀ ti gba ìtọ̀ eku, mi ò rí ọ̀nà téèyàn fẹ́ gbà fọ ìyẹn mọ́, gígé ló kàn. Mẹ́jọ yòókù, eruku wọn ò kúrò lójú kan. Tá a bá sì fọ̀ wọ́n láì tíì dí àpótí tó là, apẹ̀rẹ̀ la fi ń pọn omi. Mo sọ ìpinnu mi fún wọn báyìí: páìpù yàrá ọmọ, ẹ jẹ́ ká gé e sọnù ká fi tuntun síbẹ̀, kọ́ìlì, fáànù ẹ̀rọ, àwo omi àti àpótí tó là, ká fọ̀ wọ́n torí ibẹ̀ ni dọ̀tí wà, mẹ́jọ yòókù, ká fi wọ́n sílẹ̀, ká tún wò wọ́n lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, tí asọ funfun bá ní ó yá, màá mú ẹni tó ní fákúùmù ńlá wá fúnra mi. Màmá wò mí títí. Wọ́n ní, "Ṣé tó bá jẹ́ ọmọ tìẹ ni, ohun tó o máa ṣe nìyẹn?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, Mà. Wọ́n ní ó dáa.

Eku ló kọ́kọ́ gbọ́dọ̀ jáde, kò sí ohun tá a lè ṣe kó tó jáde. Ẹni tó ń lé eku wá lọ́jọ́ Túsìdé, ó bá ihò lábẹ́ òrùlé níbi tí páànù ti ṣí, ó fi irin àwọ̀n dí i, ó dẹ pàkúté, ó mú méjì, ó dúró ọ̀sẹ̀ kan kò mú kankan mọ́. Ọjọ́ Sátidé tó tẹ̀ lé e ni mo ṣiṣẹ́ tèmi. Ìyá ìkókó kó àwọn ọmọ àti Màmá lọ sọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ ẹ̀ kan ní Katy, a pa ẹ̀rọ, mo fi ọ̀rá bo gbogbo ojú ihò. Ìgbẹ́ eku, ẹ má fi ìgbálẹ̀ gbá a ní gbígbẹ láé, ẹ má sì fi fákúùmù fà á, eruku ẹ̀ ló ń ko àìsàn ranni. Mo fi omi tí mo po bleach sí rin ín, mo dúró kó wọ̀ ọ́, mo wá fi bébà nù ún, mo dì í sínú ọ̀rá méjì. Mo gé páìpù yẹn, mo fi tuntun síbẹ̀, mo gbé e rọ̀ dáadáa kó má fà sílẹ̀. Àpótí tó là, mo fi mastic kùn ún yí po, gọ́ọ̀mù funfun bí ẹ̀kọ tútù tí wọ́n ń fi bọ́rọ́ṣì kùn, tó bá gbẹ kì í ká kúrò. ENERGY STAR, ètò ìjọba Amẹ́ríkà lórí bá a ṣe lè dín ìfiṣòfò iná kù, máa ń sọ pé nínú ilé Amẹ́ríkà kan báyìí, 20 sí 30 nínú 100 atẹ́gùn tó ń gba duct ló ń ṣòfò sí ojú ibi tó ń jò, téèyàn bá ti rí ti ilé yìí kò ní jiyàn. Mo fọ kọ́ìlì, mo fọ àwo omi, mo da ọtí kíkan sínú páìpù omi ẹ̀, mo fi fílítà 20 × 25 tó jẹ́ MERV 11 síbẹ̀ (MERV ni wọ́n fi ń wọn bí fílítà ṣe ń mú eruku tó). Wọ́n bi mí nípa MERV 13, mo ní ẹ̀rọ yín ò lágbára tó o, fílítà tó bá ti le jù yóò fún ẹ̀rọ lọ́rùn, omi dídì á bẹ̀rẹ̀ sí í bo kọ́ìlì. 640 dọ́là ni owó gbogbo iṣẹ́ tèmi, 180 ni ti ẹni tó lé eku.

Nǹkan kan ṣì wà tí mo fẹ́rẹ̀ gbójú fò. Bí mo ṣe ń kó irinṣẹ́ jáde mo gba yàrá ìfọṣọ kọjá, ẹ̀rọ tó ń gbẹ aṣọ ń ṣiṣẹ́, yàrá gbóná bí ìdí ààrò. Mo fà á kúrò lára ògiri, mo yọ páìpù ẹ̀yìn ẹ̀, òwú aṣọ ti dì í pa, ó kù díẹ̀ kó má ríbi mí mọ́. Mo kó èyí tó kún àpò náílọ́ọ̀nù kan. Ìyẹn ni mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ ju ọ̀rọ̀ duct lọ. Àjọ panápaná ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà ní nǹkan bí 2,900 iná ilé ló ń ṣẹlẹ̀ lọ́dọọdún látara ẹ̀rọ tó ń gbẹ aṣọ, àìkó òwú ẹ̀ sì ni olórí ohun tó ń fà á. Duct AC lè dúró kẹ́ ẹ wò ó, páìpù ẹ̀rọ agbẹ́ṣọ kì í dúró, ẹ máa kó o lọ́dọọdún. Ilé kan náà tó fẹ́ san 2,300 dọ́là torí eruku tó jókòó jẹ́ẹ́, ohun tó lè jó wọn mọ́lé wà ní yàrá ìfọṣọ, kò ju iṣẹ́ ìdajì wákàtí lọ.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, Màmá tún lẹ asọ funfun méjì mọ́ ojú ihò kan náà fún ọjọ́ méjì, àwọn fúnra wọn ni wọ́n rántí. Ti yàrá ọmọ jáde funfun. Ti pálọ̀ ní eérú díẹ̀, kò tó ti àkọ́kọ́. Mítà ọrinrin wálẹ̀ sí 52. Irin ojú ihò ò dúdú mọ́, Màmá ní wọ́n kàn ń nù ún torí pé ọwọ́ wọn ti mọ̀ ọ́n.

Àkọ́bí ńkọ́? Ó ṣì ń sín. Ó dínkù, ṣùgbọ́n kò lọ, mi ò sì ní parọ́ fún yín. Nínú oṣù kẹsàn-án wọ́n gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà, àyẹ̀wò fi hàn pé àwọn kòkòrò tíntìntín tó ń gbé inú mátírẹ́ẹ̀sì ni ara ẹ̀ ò gbà, dókítà ní kí wọ́n fi ìbòrí onísípù bo mátírẹ́ẹ̀sì àti ìrọ̀rí, kí wọ́n fi omi gbígbóná fọ bẹ́ẹ̀dìṣíìtì lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ìyẹn ló mú un balẹ̀. Tí wọ́n bá ti san 2,300 yẹn, wọn ì bá dúró máa retí kí duct wo ọmọ wọn sàn.

Mo padà lọ wò ó nínú oṣù kọkànlá bí mo ṣe ṣèlérí, ihò mẹ́sẹ̀ẹ̀sán, fóònù lọ́wọ́. Mẹ́jọ yẹn rí bí mo ṣe fi wọ́n sílẹ̀. Ìyá ìkókó bi mí nípa kápẹ́ẹ̀tì, wọ́n fẹ́ ká a kí wọ́n fi táìlì síbẹ̀ nínú oṣù kìn-ín-ní. Mo ní ẹ ṣeun tẹ́ ẹ sọ ọ́ kẹ́ ẹ tó ṣe é, ẹ pa AC lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń gé táìlì, ẹ fi ọ̀rá àti téèpù bo gbogbo ihò, pàápàá ihò ńlá kọ́rídọ̀, ẹ pààrọ̀ fílítà lọ́jọ́ tí wọ́n bá parí, torí eruku táìlì àti ti ògiri tí wọ́n ń há wà lára ohun tó máa ń sọ duct tó mọ́ di èyí tó yẹ ní fífọ̀ lóòótọ́. Wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀.

Màmá ti padà sí Ògbómọ̀ṣọ́ ṣáájú Kérésì. Nínú oṣù kẹta 2025, àsìkò tí lẹ́búlẹ́bú igi oak máa ń sọ gbogbo mọ́tò Houston di àwọ̀ ìyeyè, ìyá ìkókó fi fídíò kan ránṣẹ́ sí mi, òun fúnra ẹ̀ ló yọ irin yàrá ọmọ, òun ló na fóònù wọlé. Ike páìpù ń dán, eruku fẹ́lẹ́ kan wà ní ẹnu ẹ̀, kò sí nǹkan míì. Ó ní, "Bọ̀ọ̀dá, ẹnì kan tún pè láàárọ̀ yìí, ó ní 79 dọ́là báyìí. Ṣé ká fọ̀ ọ́?" Mo wo fídíò náà dé òpin. Mo ní kó dá irin padà, kó wo fílítà, tó bá ti pé oṣù mẹ́ta kó pààrọ̀ ẹ̀, kó tún ṣí ihò wò tó bá di oṣù kẹsàn-án.